Láti Inú Kíláàsì Dé Inú Igbó Irúnmalẹ̀: Ìṣe D. O. Fágúnwà Nídìí Ìwé Kíkọ àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀ fún Òǹkọ̀wé Tuntun

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ ìwádìí lórí kókó ọ̀rọ̀, ẹ̀dá-ìtàn àti ọnà-èdè inú àwọn ìwé D. O. Fágúnwà pọ̀ jaburata. Iṣẹ́ lórí ọwọ́ tí ó kọ àwọn ìwé náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: irú iṣẹ́ òòjọ́ tí ọwọ́ náà ń ṣe, ohun tí ẹni tí ó ni ín gbọ́, ohun tí ó kà, àti ọ̀nà tí ó gbà sọ gbogbo rẹ̀ di ìtàn. Iṣẹ́ yìí lo ìtàn ìgbésí ayé Fágúnwà àti ẹ̀rí inú àwọn ìwé rẹ̀ láti fi hàn pé iṣẹ́ olùkọ́ni ni ó tọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé rẹ̀ dàgbà. Ó tún ṣàlàyé pé kì í ṣe igbó àti iwin ni ogún tí ó fi sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé tuntun. Ogún náà ni ìṣe mẹ́rin: títẹ́tí, kíkàwé, mímọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, àti títètè mú gègé. Ìṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ṣeé kọ́, wọ́n sì ṣeé fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ìfáárà

Bóyá ni a lè rí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí kò gbọ́ orúkọ Fágúnwà rí. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ orúkọ ènìyàn yàtọ̀ sí mímọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n gbọ́ orúkọ náà tí wọn kò wádìí kọjá bẹ́ẹ̀. Èrò kìn-ín-ní ni pé agbára àìrí ni ó wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, pé iwin ni ó ń sọ ìtàn fún un. Èrò kejì ni pé inú ìwé òyìnbó ni ó ti kó ohun tí ó kọ, pé ó kàn wọ aṣọ Yorùbá fún ìtàn àjèjì ni.

Èrò méjèèjì ni ó léwu fún ẹni tí ó ń múra láti di olùkọ́ Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé iwin ni ó ń bá Fágúnwà sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé kò sí ohun tí olùkọ́ lè kọ́ ọmọ kíláàsì nípa ìwé kíkọ, àfi kí ó ní kí ọmọ náà jókòó kí ó máa retí iwin tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́ pé ìwé òyìnbó ni ó dà kọ, aṣọ àyálò ni ìtàn àròsọ Yorùbá, ẹni tí ó ni aṣọ sì lè gbà á nígbàkúùgbà. Nítorí náà, ìbéèrè nípa bí Fágúnwà ṣe ń kọ̀wé kọjá ọ̀rọ̀ ìtàn lásán. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ ìwé kíkọ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè kọ́ nínú kíláàsì tàbí ohun tí a óò máa wò lókèèrè.

Ìtàn Ìgbésí Ayé Fágúnwà ní Ṣókí

Ọdún 1903 ni a bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni Oròwọlé. Nígbà tí ó yá, ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀, ó sì ń jẹ́ Daniel gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìrìbọmi. Bí a bá wo àwọn orúkọ yìí dáadáa, ìtàn ayé tí ó bí i wà nínú wọn. Ifá ni ó wà nínú Fágúnwà, Orò ni ó wà nínú Oròwọlé, ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ni ó sì gbé Daniel àti Ọlọ́runfẹ́mi wá. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ti pàdé. Lẹ́tà O tí ó wà láàárín D. O. Fágúnwà gba Oròwọlé, ó sì gba Ọlọ́runfẹ́mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìwé rẹ̀ ṣe gba méjèèjì lálejò.

Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Luke ní Òkè-Igbó. Láti ọdún 1926 sí 1929, ó wà ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́jì olùkọ́ni tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1896. Kọ́lẹ́jì yìí kan náà ni ó wà nídìí ilé-ẹ̀kọ́ tí a wá mọ̀ sí Emmanuel Alayande College of Education, tí ó ti di yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ báyìí. Lẹ́yìn tí ó jáde, ó kọ́ni títí di ọdún 1939 ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́jì náà ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn ṣe ìdíje ìwé kíkọ ní ọdún 1936. Ìwé tí ó kọ fún ìdíje náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ̀ jáde ní ọdún 1938.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé wọn ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Láti ọdún 1955 sí 1959, ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, ó di aṣojú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó wà títí ikú fi pa á nínú odò ní Wuya, lẹ́bàá Bídà, ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1963.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ níhìn-ín pé kì í ṣe Fágúnwà ni ó kọ́kọ́ kọ ìtàn gígùn ní èdè Yorùbá. I. B. Thomas ti gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín ọdún 1929 sí 1930. Ohun tí Fágúnwà ṣe tí kò láfiwé ni pé ó mú ìtàn àròsọ wọ kíláàsì, ó sì dúró síbẹ̀.

Ohun tí Etí Rẹ̀ Gbọ́

Orísun kìn-ín-ní tí Fágúnwà ti pọn omi ni lítíréṣọ̀ alohùn. Àlọ́ ni ó fún un ní ẹranko tí ń sọ̀rọ̀, iwin tí ń bá ènìyàn jà, àti ọba tí ń rán ènìyàn níṣẹ́ tí kò ṣeé jẹ́. Ìtàn àwọn ọdẹ ni ó fún un ní igbó gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìtàn. Nínú èrò Yorùbá, ọdẹ ni ẹni tí ń lọ síbi tí ẹlòmíràn kò lè lọ, tí ó sì ń padà wá ròyìn. Ó rí ohun tí ará ilé kò rí, kò sì sí ẹlẹ́rìí tí yóò já a nírọ́. Ta ni ó tún yẹ kí ìtàn àròsọ fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn ju irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ?

Etí kan náà ni ó gbọ́ oríkì, ọfọ̀ àti ìjálá. Ipa wọn hàn nínú ìṣọwọ́lo-èdè rẹ̀: àwítúnwí, àsọrégèé, títo orúkọ jọ ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, àti gbólóhùn tí ó gùn títí tí kò sì já. Nígbà tí ẹ̀dá-ìtàn méjì bá pàdé nínú igbó, wọn kì í tètè wọ ìjàkadì. Wọn a kọ́kọ́ ka oríkì ara wọn, wọn a sì bú ara wọn bí ẹni tí ń dárin. Ẹni tí ó bá kà á sókè yóò mọ̀ pé etí ni a kọ ọ́ fún kí ó tó jẹ́ ti ojú.

Ohùn oníwàásù tún wà níbẹ̀. Odidi Bíbélì Yorùbá ti jáde láti ọdún 1884, èdè rẹ̀ sì ti wọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ lára. Ọ̀nà tí Fágúnwà ń gbà dá ìtàn dúró láti gba òǹkàwé níyànjú jọ ti oníwàásù lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n ó tún jọ ti bàbá àgbà tí ó pa àlọ́ tán tí ó sì ń bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀.

Ohun tí Ojú Rẹ̀ Kà

Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà ní ọdún 1974, tọ́ka sí ipa àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè lára òǹkọ̀wé yìí. Lára àwọn tí àwọn onímọ̀ máa ń dárúkọ ni ìwé John Bunyan lórí ìrìn-àjò onígbàgbọ́, ìtàn Robinson Crusoe, àti àwọn ìtàn ilẹ̀ Lárúbáwá. Ìwé Bunyan ṣe pàtàkì jù nínú wọn, nítorí pé ó ti di ti Yorùbá kí a tó bí Fágúnwà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run David Hinderer tí ó gbé ní Ìbàdàn ni ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1866.

Ìjọra tí ó wà láàárín Bunyan àti Fágúnwà kò ṣòroó rí. Àwọn méjèèjì fi ìrìn-àjò ṣe òpó ìtàn. Àwọn méjèèjì fún ẹ̀dá-ìtàn ní orúkọ tí ó ń sọ ìwà wọn. Nínú Ògbójú Ọdẹ, Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ni ẹni tí orin dùn lẹ́nu rẹ̀, Kàkó sì ni akọni tí ń fi kùmọ̀ jà. Bí a bá dúró síbẹ̀, èrò àwọn tí ó ní àdàkọ ni Fágúnwà ṣe lè dà bí òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ìrìn-àjò méjèèjì ṣe parí. Èrò inú ìwé Bunyan fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ìparun ń bọ̀ wá sórí rẹ̀. Ọkàn ara rẹ̀ ni ó ń gbà là. Nígbà tí ó dé ìlú ọ̀run, kò padà wálé mọ́. Àwọn ọdẹ Fágúnwà kò lọ bẹ́ẹ̀. Ọba ni ó rán wọn lọ sí Òkè Lángbòdó, ire ìlú ni wọ́n bá lọ, ilé ni wọ́n sì ń padà bọ̀. Àwọn kan kú sọ́nà. Àwọn tí ó kù gbé ọgbọ́n dé ilé. Ìgbàlà Bunyan jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n Fágúnwà jẹ́ ti àwùjọ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ó fi hàn pé Fágúnwà gba egungun ìtàn náà lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n ẹran ara àti ẹ̀mí tí ó fi sí i jẹ́ ti Yorùbá. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó gba ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, tí ó sì fi tún ilé ara rẹ̀ ṣe, kì í ṣe olè.

Ìṣe Fágúnwà Nídìí Ìwé Kíkọ

Ìṣe àkọ́kọ́ tí ó hàn ni pé kò ya ìwé kíkọ nípá kúrò lára iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni nígbà tí ó kọ ìwé àkọ́kọ́. Òun àti L. J. Lewis ni wọ́n jọ kọ àwọn ìwé kíkà Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó rin ìrìn-àjò, ó sọ ọ́ di ìwé: Ìrìnàjò Apá Kìíní jáde ní 1949, Apá Kejì sì jáde ní 1951. Nígbà tí ó wà ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé àwọn ẹlòmíràn náà di ara iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí ó ṣòfò nínú ohun tí ó ń ṣe. Iṣẹ́ kan ń bọ́ èkejì.

Ìṣe kejì ni sùúrù. Ọdún 23 ni ó wà láàárín ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tí ó kẹ́yìn, márùn-ún péré sì ni gbogbo wọn. Ọdún 11 ni ó wà láàárín Ògbójú Ọdẹ àti Ìgbó Olódùmarè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn kan náà ni wọ́n, nítorí ìtàn bàbá Àkàrà-ògùn tí ń jẹ́ Olówó-ayé ni ìwé kejì dá lé. Ẹni tí ó ń fi ìwé wá owó kíákíá kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣe kẹta ni pé ó ń fi ojú olùkọ́ wo ẹni tí ń kà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó gbé iṣẹ́ méjì lé òǹkàwé lọ́wọ́. Èkíní ni pé nígbà tí ẹ̀dá-ìtàn kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni náà. Èkejì ni kí òǹkàwé máa ṣa ọgbọ́n inú ìtàn bí ó ti ń lọ. Olùkọ́ tí ó ti kọ ìlànà iṣẹ́ rí yóò dá èyí mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ohun tí a ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Ìrágbèje ní Òkè Lángbòdó rí. Ọjọ́ méje ni ó fi kọ́ àwọn ọdẹ lẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé rẹ̀, ó ń fi ìtàn gbe ẹ̀kọ́ ìwà lẹ́sẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Fágúnwà gbé ka orí òkè fún wọn. Nínú Ìgbó Olódùmarè, Bàbá-onírùngbọ̀n-yẹúkẹ ni ó ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ìṣe kẹrin ni pé kò dẹ́kun láti kọ́ ohun tuntun. Ẹni tí ó bá ka ìwé márààrún tẹ̀ léra wọn yóò rí i pé Àdììtú Olódùmarè kò gbé inú igbó tó ti àwọn ìṣáájú. Ìṣẹ́ àwọn òbí, ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àti lẹ́tà tí olólùfẹ́ ń kọ síra wọn gba ààyè ńlá níbẹ̀. Ọmọ 58 ọdún ni Fágúnwà nígbà tí ìwé náà jáde, síbẹ̀ ó ń wá ọ̀nà mìíràn.

Ìmọ̀ràn Rẹ̀ fún Òǹkọ̀wé Tuntun

Ní ọdún 1960, Fágúnwà kọ àpilẹ̀kọ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí bí a ṣe ń kọ ìtàn àròsọ. Ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùkọ́ ni ó gbé e sí. Èyí nìkan tó láti fi mọ àwọn tí ó rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú àwọn ìtàn rẹ̀ fúnra wọn, nítorí pé ó fi ìwé kíkọ ṣe ara ìtàn.

Bí Ògbójú Ọdẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ọkùnrin kan jókòó sórí àga rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan tí ó dára. Bàbá àgbà kan tọ̀ ọ́ wá, ó ní kí ó mú gègé àti tákàdá kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi í di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀rù ń ba bàbá yìí kí òun má baà kú kí ìtàn náà sì bá òun lọ. Ọkùnrin náà kò jiyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n dúró, bàbá náà sì tún padà wá. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti gbọ́, wọ́n sì wá péjọ láti gbọ́ ìtàn náà.

Ìmọ̀ràn mẹ́rin ni a lè fà yọ níbẹ̀. Èkíní, iṣẹ́ òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ẹni tí ó jókòó sórí àga kò ṣẹ̀dá ìtàn náà láti inú òfìfo. Ó gbà kí àgbà sọ tirẹ̀. Òǹkọ̀wé tuntun tí kò ní sùúrù láti gbọ́ ìyá àgbà ilé rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí a tètè mú gègé. Ìkìlọ̀ bàbá náà kan òǹkọ̀wé èdè Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé inú orí àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọjọ́ tí àgbà kan kú láìjẹ́ pé a gba ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀, ilé ìkówèésí kan ti jó.

Ẹ̀kẹta, kí a máa kọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan kò tó ìtàn náà. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n dúró. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìṣe ẹni tí ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ nìyí. Olùkọ́ tí ó ní kíláàsì láàárọ̀ tí ó sì ní ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá láti máàkì lálẹ́ lè ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, kí òǹkọ̀wé mọ àwùjọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wá péjọ ní ọjọ́ kejì ni olùgbọ́ tí Fágúnwà ń rí lọ́kàn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìdí nìyí tí ó fi ń pe òǹkàwé ní ọ̀rẹ́, tí ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, tí ó sì ń pa á lẹ́rìn-ín kí ó tó gbà á níyànjú.

Àwọn Tí Wọ́n Tẹ̀lé E

Ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan tí Fágúnwà fúnra rẹ̀ kò sọ. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé rí i pé ìwé rẹ̀ tà, wọ́n sì rò pé igbó ni àṣírí rẹ̀. J. Ògúnṣínà Ògúndélé gbé ìtàn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun nínú Ibú Olókun ní ọdún 1956. D. J. Fátànmí kọ K'órimále Nínú Igbó Àdìmúlà ní ọdún 1967. Iṣẹ́ wọn ní iyì tiwọn, ṣùgbọ́n òǹkàwé tí ó bá mọ Fágúnwà yóò mọ ọ̀nà tí wọ́n tọ̀. Àwọn onímọ̀ a máa pe irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ti ẹgbẹ́ Fágúnwà.

Àwọn tí wọ́n jogún rẹ̀ jù ni àwọn tí wọ́n fi igbó rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, àwọn ọ̀daràn ni ó sì ń lé kiri. Kò sí iwin níbẹ̀. Síbẹ̀, òwe, ẹ̀fẹ̀ àti ìfọ̀rọ̀dárà inú rẹ̀ fi hàn pé ó ti jókòó ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú lórí ìfẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Ìbàdàn. Ohun tí òun náà gbọ́ láyìíká rẹ̀ ni ó kọ, gẹ́gẹ́ bí Fágúnwà ṣe kọ ohun tí ó gbọ́ ní tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jẹ níbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ ní ọdún 1968, ó sì túmọ̀ Ìgbó Olódùmarè ní 2010. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìn-àjò Lángbòdó di eré orí ìtàgé fún ayẹyẹ FESTAC ní ọdún 1977.

Ohun tí èyí ń sọ fún òǹkọ̀wé tuntun ni pé ìṣe ni ogún, kì í ṣe ibùdó ìtàn. Ẹni tí ó ń gbé Èkó lónìí, tí ó ń wọ mọ́tò láàárọ̀ tí ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èrò inú ọkọ̀, ti wà nínú igbó irúnmalẹ̀ tirẹ̀. Kò nílò láti yá ti Fágúnwà.

Kò tún yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ìwàásù inú àwọn ìwé Fágúnwà a máa gùn ní ibòmíràn débi pé ìtàn a dúró pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé orúkọ wọn ti pinnu ìwà wọn. Àwọn àbùkù yìí wá láti orísun kan náà tí ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ ti wá. Olùkọ́ tí ó nífẹ̀ẹ́ kíláàsì rẹ̀ a máa ṣàlàyé jù nígbà mìíràn. Òǹkọ̀wé tuntun tí ó bá tún jẹ́ olùkọ́ ní láti ṣọ́ra fún èyí: kí ó jẹ́ kí ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn kọ́ni kí òun tó la ẹnu.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Bí ìṣe Fágúnwà bá ṣeé kọ́, a gbọ́dọ̀ lè gbé e wọ kíláàsì. Ọ̀nà kan ni pé kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbà kan ní ilé, kí ó gbọ́ ìtàn kan ṣoṣo, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà kí ó tó gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó tún ìtàn náà kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òun ni ó ṣẹlẹ̀ sí, kí ó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìròyìn àti ìtàn àròsọ. Ọ̀nà kejì ni pé kí a fún wọn ní ìtàn ilẹ̀ òkèèrè kan, kí a sì bi wọ́n pé: bí ọmọ Yorùbá bá rin ìrìn-àjò yìí, ṣé yóò padà wálé? Kí ni yóò mú bọ̀? Ìbéèrè yìí ni Fágúnwà fi iṣẹ́ rẹ̀ dáhùn nígbà tí ó gba ìrìn-àjò lọ́wọ́ Bunyan.

Ọ̀nà kẹta ni kí a máa ka ìwé náà sókè. Ìwé atọ́nà tí ń sọ ìtàn ní ṣókí lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè ìdánwò, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní ohùn. Ohun tí Fágúnwà gbà láti etí, ohun tí ó yẹ kí ó padà sí etí ni. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì máa kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí i pé olùkọ́ òun ní ìwé pélébé kan tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí kò ní ronú mọ́ pé iwin ni ó ń kọ̀wé.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Fágúnwà kò di òǹkọ̀wé lójijì. Ó gbọ́ àlọ́ àti ìtàn ọdẹ, ó ka Bíbélì àti Bunyan, ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, ó sì kọ́ ọmọdé ní kíláàsì kí ó tó kọ́ gbogbo Yorùbá nínú ìwé. Ohun tí ó yá, ó tún un rọ. Ohun tí ó jogún, ó fi kún un. Èrò pé iwin ni ó ràn án lọ́wọ́ gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Èrò pé ó dà á kọ kò ka òpin ìrìn-àjò àwọn ọdẹ sí.

Ní ọdún 1936, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ni ó dáhùn nígbà tí a ní kí àwọn ènìyàn mú ìwé wá. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ní ìmọ̀ èdè tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ní àkọtọ́ tí a ti fẹnu kò lé lórí, wọ́n sì ní àwọn ìwé Fágúnwà àti ti àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e láti kà, èyí tí òun kò ní. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n ṣe bí ọkùnrin orí àga ti ṣe nígbà tí bàbá àgbà dé: kí wọ́n mú gègé àti tákàdá, kí wọ́n má sì fi í di ọjọ́ mìíràn.